Ọjọ́ tí Ọmọ́títí Nìkan Ta Ìgbòkun

Afẹ́fẹ́ kọ̀, kò fẹ́. Ọ̀sà tẹ́ bí epo inú àwo, ọyẹ́ bo ojú ọ̀run, àwọn ọkọ̀ ogun Àjọni sì lúgọ sáàárín eèsún etí omi, ìgbòkun wọn ká jọ sí ìdí òpó. Inú ọkọ̀ tó ṣíwájú ni Ọmọ́títí jókòó sí, ọ̀dọ́bìnrin tí wọ́n yàn ṣe olórí gbogbo atukọ̀ lọ́dún náà. Ó ti ìka bọ ẹnu, ó nà án sókè, ó ń wá afẹ́fẹ́. Kò rí nǹkan kan. Àìmọye ìgbà ló ti ṣe bẹ́ẹ̀ láti òwúrọ̀, àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ sì ti ń wo ojú ara wọn.

Ohun tó ń bà á lẹ́rù kò jìnnà. Níwájú wọn, níbi tí ọ̀sà ti fún di ọ̀nà tóóró kan tí wọ́n ń pè ní Ọ̀fun, àwọn ọkọ̀ Jagun Adémúyìwá tò láti bèbè dé bèbè, wọ́n dí ojú omi pa. Lẹ́yìn wọn ni Òkè-Yanrìn wà, ìlú kékeré tí àwọn ìyá, àwọn ọmọ àti àwọn arúgbó Àjọni sá sí nígbà tí ogun bẹ̀rẹ̀. Oúnjẹ ti tán níbẹ̀. Gbémi, àbúrò Ọmọ́títí, wà lára wọn pẹ̀lú ọmọ ọwọ́ rẹ̀. Jagun ti ránṣẹ́ sí wọn pé bí wọn kò bá jáde wá kúnlẹ̀ kó tó di ọjọ́ ọjà, òun á ti iná bọ gbogbo ilé wọn. Òní gan-an ni ọjọ́ ọjà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ẹni tí Jagun yìí í ṣe, kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé ìjà ẹja lásán ni wọ́n ń jà. Láyé ìgbà tí ogun gba gbogbo ilẹ̀ wa kan, tí ẹni tó lágbára ń mú ẹni tí kò ní, ọkùnrin náà jókòó sí òkè odò, ó ń jẹ gàba lórí gbogbo abúlé etí omi. Lọ́dọọdún ó ń mú ọmọ kan nínú ilé kọ̀ọ̀kan lọ sí agbo ilé rẹ̀. Bí ó bá sì fẹ́ jagun, á nawọ́ sí omi, á ní kí wọ́n wọ ọkọ̀, wọ́n á sì wọ ọkọ̀. Wọn kì í béèrè pé ogun ta ni. Bàbá Ọmọ́títí wọ ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ kan, kò bọ̀ mọ́ títí di òní.

Òjò méjì ṣáájú ọjọ́ tí mò ń sọ yìí ni àwọn abúlé náà lé àwọn ẹ̀ṣọ́ Jagun dànù, wọ́n para pọ̀ di ìlú kan tí kò ní ọba, wọ́n sọ ọ́ ní Àjọni. Àwọn ará òkè fi wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní ìlú tí kò ní ọba dà bí ọbẹ̀ tí kò níyọ̀. Àwọn ará Àjọni ní àwọn ni àwọn ń se iyọ̀ tí ará òkè ń jẹ, kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ ọbẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn.

Òfin tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ni Òfin Igbá. Kò sí ẹni tó lè ta ìgbòkun fún ogun lórí ọ̀rọ̀ ẹnu ẹnìkan. Gbogbo atukọ̀ gbọ́dọ̀ kó ọkọ̀ wọn súnmọ́ra, kí wọ́n ki ọwọ́ bọ inú igbá omi ọ̀sà kan ṣoṣo, kí kálukú wí pé òun gbà. Bí ọwọ́ atukọ̀ kan bá dín, ìgbòkun kò gbọdọ̀ gòkè. Ẹni tó bá ta á lóun nìkan, kò ní fọwọ́ kan àjẹ̀ mọ́ láyé rẹ̀, kò sì ní gbé etí omi mọ́. Orí ilẹ̀ gbígbẹ ni yóò kú sí. Ọmọ́títí wà lára àwọn tó dìde sọ̀rọ̀ gbe òfin yìí lẹ́yìn lọ́jọ́ tí wọ́n ṣe é. Ó ń sọ̀rọ̀, ó ń sunkún, nítorí bàbá rẹ̀ ló wà lọ́kàn rẹ̀.

Òfin dáadáa ni. Àfi pé àwọn tó ṣe é kò bi afẹ́fẹ́ léèrè. Nígbà ọyẹ́, afẹ́fẹ́ òkun a máa wá nígbà tó bá wù ú, a sì máa lọ kí ẹ tó kí i tán. Bẹ́ẹ̀, ìgbòkun nìkan ni Àjọni fi ju Jagun lọ. Àwọn ọmọ ogun Jagun pọ̀ bí èèrà, ọkọ̀ wọn gùn, àwọn tí ń fi àjẹ̀ wà á sì kún inú rẹ̀ bámúbámú. Bí ó bá jẹ́ àjẹ̀ lásán ni, Àjọni kò tó wọn í bá jà. Ṣùgbọ́n àwọn obìnrin Àjọni ti rán ẹní mọ́ ẹní, wọ́n ti fi ṣe ìgbòkun fún gbogbo ọkọ̀, kò sì sí ará òkè kan tó mọ bí wọ́n ṣe ń fi ẹní gba afẹ́fẹ́.

Nǹkan kan tún wà tó ń jẹ Ọmọ́títí lọ́kàn. Àwọn atukọ̀ kò pé. Ọládòṣù, tó dàgbà jù nínú wọn, ti wọ inú àwọn odò kéékèèké tó yí Ọ̀fun ká láti àná, ó ń wá bí oúnjẹ yóò ṣe gba ẹ̀yìn dé Òkè-Yanrìn. Gbogbo wọn ló rán an, ọwọ́ gbogbo wọn ló wà nínú igbá nígbà tí wọ́n rán an. Kò sí ẹni tó mọ odò wọ̀nyẹn bíi tirẹ̀. Kí ọkọ̀ rẹ̀ lè fúyẹ́, ó fi Ùsmán ọmọ rẹ̀ sílẹ̀ sínú ọkọ̀ Ọmọ́títí. Ùsmán ni wọ́n fi ṣọ́ okùn ìgbòkun níbẹ̀, ọkùnrin gíga tí ẹ̀rín kì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbéyàwó.

Oòrùn ti kúrò ní àtàrí nígbà tí etí Ọmọ́títí tutù lójijì. Kò gbà á gbọ́ lákọ̀ọ́kọ́. Ó yíjú síbi tí òkun wà, ó rí i tí ojú omi ń hunjọ, tí orí àwọn eèsún ń tẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Afẹ́fẹ́ ti dé, Ọ̀fun gan-an ló sì ń fẹ́ sí.

Ó juwọ́ sí àwọn ọkọ̀ yòókù, wọ́n sì fi ọ̀pá ti ara wọn súnmọ́ra láìpariwo. Asimawu, àgbà obìnrin tó ń tọ́jú igbá nínú ọkọ̀ Ọmọ́títí, bu omi ọ̀sà, ó gbé e sórí ìjókòó tó wà láàárín. Ọwọ́ ń wọ inú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, kálukú ń wí pé òun gbà. Nígbà tí ó parí, Asimawu kò gbé igbá náà kúrò. Ó wo àwọn ọwọ́ náà, ó ní ọwọ́ Ọládòṣù kò sí níbẹ̀.

Gbogbo wọn ló mọ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n sọ ọ́ síta tán, ó di ẹrù. Ọ̀kan ní kí wọ́n kà á sí pé ó gbà. Òmíràn ní ẹni tó bá sọ bẹ́ẹ̀ lónìí, òun náà ni wọn yóò kà sí pé ó gbà lọ́la nígbà tí kò bá sí nílé. Wọ́n ń sọ ọ́, afẹ́fẹ́ ń le sí i. Ẹnìkan wá ní kí Ùsmán ki ọwọ́ tirẹ̀ bọ̀ ọ́ fún bàbá rẹ̀, ṣebí ẹ̀jẹ̀ kan náà ni.

Ùsmán mi orí. “Bàbá mi é è fi ọwọ́ rẹ̀ rán mi,” ó ní. “Okùn ló ní kí n dì mú.”

Mùtàlíbù, ọ̀kan nínú àwọn atukọ̀, ló tún gba ọ̀rọ̀ náà. Oníṣòwò aṣọ ni kí ogun tó dé, ẹnu rẹ̀ mú, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ń bẹ̀rù Ọlọ́run tó o nínú gbogbo wọn. Ó ní òun kò fẹ́ràn ìdúró ju ẹlòmíràn lọ, ìyá òun wà ní Òkè-Yanrìn. “Ṣùgbọ́n olórí, bí a bá ta á láìsí Bàbá Ọládòṣù, kí la fi sàn ju Jagun lọ? Ibi tí a bá pè lórí, a kì í fi tẹlẹ̀. Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀. Ó lè máa bọ̀ báyìí.”

Wọ́n dúró. Ìdúró yẹn le ju ìjà lọ. Afẹ́fẹ́ ń kọjá lórí wọn, ó ń lọ sí Ọ̀fun láìsí wọn, bí ọkọ̀ èrò tó gbàgbé èrò rẹ̀ sí èbúté. Gbogbo ojú wà lẹ́nu odò tí Ọládòṣù gbà wọlé. Ẹyẹ kan jáde láti ibẹ̀, ọkàn wọn fò. Ẹyẹ lásán ni. Ọmọ́títí ń gbàdúrà nínú pé kí bàbá náà yọ, ó sì ń bínú sí i pé kò yọ. Ó mọ̀ pé ìbínú náà kò tọ́, ó ṣì ń bínú.

Ìgbà náà ni wọ́n rí èéfín. Ó rú sókè lẹ́yìn àwọn ọkọ̀ Jagun, dúdú, nípọn, láti ìhà Òkè-Yanrìn. Kì í ṣe èéfín ẹja yíyan. Òrùlé ló ń jó.

Ọmọ́títí yíjú sí Asimawu, ó ní, “Ìyá, kí ni kí n ṣe?”

Ojú ìyá náà kún fún omi. “Mé è lè ní kí o lọ, ọmọ mi,” ó ní. “Mé è sì lè ní kí o jókòó. Òfin ùlú lo mọ̀, èéfín lo sì ń wò yẹn.”

Ọmọ́títí dìde. Ó fi ọwọ́ kan gba òpó mú. Ó ní kí gbogbo wọn gbọ́, kí wọ́n sì rántí ohun tí òun fẹ́ sọ. “Ọwọ́ èmi nìkan ni. Mo fi omi yìí búra, mo fi ẹni tó bí mi, tí omi yìí gbé lọ, búra: èmi Ọmọ́títí ni mo ta á. Bí ẹ bá tẹ̀lé mi, ẹ̀yin kò ṣẹ̀. Ẹni tí kò bá fẹ́ lọ nínú ọkọ̀ mi, kó kọjá sí òmíràn nísinsìnyí.”

Kò sẹ́ni tó kọjá. Ùsmán wo ẹnu odò lẹ́ẹ̀kan sí i bóyá bàbá rẹ̀ ń bọ̀. Lẹ́yìn náà ó tutọ́ sí àtẹ́lẹwọ́, ó fa okùn.

Ẹní náà gòkè, afẹ́fẹ́ gbá a mú, ọkọ̀ fò síwájú tó bẹ́ẹ̀ tí Asimawu fi jókòó gbọ̀ọ̀ láìrò tẹ́lẹ̀. Nígbà tí Ọmọ́títí bojú wẹ̀yìn, ìgbòkun Mùtàlíbù ti gòkè, ti àwọn yòókù sì ń gòkè tẹ̀ lé e. Ẹnìkan bẹ̀rẹ̀ sí í ki oríkì rẹ̀ láti ẹ̀yìn, ọmọ atukọ̀ má tẹ̀rì, ọmọ a-fi-ẹní-gba-ìjì, ọmọ a-bá-ọ̀sà-sọ̀rọ̀-kí-ọ̀sà-dákẹ́. Kò fẹ́ gbọ́ oríkì lákòókò yẹn, ṣùgbọ́n ó gbé àgbọ̀n rẹ̀ sókè díẹ̀, ẹ̀jẹ̀ kúkú ló wà lára rẹ̀, kì í ṣe omi.

Àwọn ọmọ ogun Jagun rí wọn, wọ́n sì ṣe àṣìṣe tí ará òkè á ṣe. Wọ́n ti àjẹ̀ wọn síta lápá ọ̀tún àti lápá òsì, wọ́n ń wà á bọ̀ wá pàdé wọn. Ọmọ́títí kò dojú kọ ọkọ̀ kankan. Ó fi ìtọ́kọ̀ darí ọkọ̀ rẹ̀ gba àárín ọkọ̀ méjì, ó sì gba orí àjẹ̀ wọn kọjá. Àjẹ̀ ń kán wàràwàrà bí ìgbà tí wọ́n ń ṣẹ́ igi ìdáná. Ọkọ̀ tí kò ní àjẹ̀ lápá kan kò lè ṣe ju kó máa yí lójú kan lọ. Wọ́n ń yí, wọ́n ń gbá ara wọn, àwọn mìíràn dojú dé.

Ìbọn dún láti inú ọkọ̀ ńlá tí Jagun fúnra rẹ̀ wà. Ọta gé okùn ìgbòkun Ọmọ́títí, ẹní náà sì fẹ́ wó lulẹ̀ níbi tí Ọ̀fun ti tóóró jù, tí ọkọ̀ ọ̀tá wà ní ọ̀tún àti òsì. Ùsmán gun orí ìjókòó, ó fi ọwọ́ méjèèjì gba okùn tó já náà mú, ó fi gbogbo ara fà á. Ìbọn tún dún. Ìgbòkun kò wó. Wọ́n la Ọ̀fun kọjá, wọ́n bọ́ síbi tí omi ti fẹ̀, Ọmọ́títí sì ké sí Ùsmán pé kó tú okùn náà sílẹ̀. Ùsmán kò tú u sílẹ̀, nítorí ó ti kú, okùn náà sì ti lọ́ mọ́ ọwọ́ rẹ̀.

Ogun náà kò pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Afẹ́fẹ́ fẹ́, a rí fùrọ̀ adìyẹ: Jagun Adémúyìwá, ẹni tí wọ́n ń kí pé kábíyèsí ogun, bẹ́ sómi, ó wẹ̀ dé bèbè, ó sì fi ẹsẹ̀ fẹ́ ẹ wọ igbó láìní fìlà lórí. Fìlà onílẹ̀kẹ̀ rẹ̀ ń léfòó káàkiri títí ẹnìkan fi fi àjẹ̀ gbé e. Àwọn tó ń ti iná bọ ilé ní Òkè-Yanrìn rí ìgbòkun tó ń bọ̀, wọ́n ju ògùṣọ̀ sílẹ̀. Gbémi jáde sí etí omi pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn, eérú bò ó láti orí dé ẹsẹ̀, kò sì sí ohun tó ṣe òun tàbí ọmọ náà. Ọmọ́títí dì mọ́ ọn. Ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín, ẹ̀jẹ̀ Ùsmán sì wà lára aṣọ rẹ̀.

Òwúrọ̀ ọjọ́ kejì ni Ọládòṣù dé. Ojúoró ló dí odò mọ́ ọn, ó ní láti máa fi àdá la á kí ọkọ̀ rẹ̀ tó kọjá. Iṣu àti ẹ̀wà kún ọkọ̀ náà. Ó gbọ́ orin àti àtẹ́wọ́ láti òkèèrè, ó rí i tí àwọn ènìyàn ń jó lórí iyanrìn, òun náà bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ó ń juwọ́. Orin dákẹ́ bí wọ́n ṣe ń rí i. Wọ́n là sí méjì fún un, ó gba àárín wọn kọjá, ó sì dé ibi tí wọ́n tẹ́ Ùsmán sí lábẹ́ ẹní ìgbòkun.

Ó kúnlẹ̀ tì í. Ó pẹ́ kó tó dìde. Nígbà tó dìde, kò pariwo, kò lu àyà. Ó kàn wo ojú gbogbo wọn, ó sì bi wọ́n ní ohun kan ṣoṣo. “Ta ló bi mí?”

Ó ní nígbà ayé Jagun, wọ́n mú ẹ̀gbọ́n òun lọ sógun, kò sí ẹni tó bi àwọn. Ó ní ìdí rẹ̀ nìyẹn tí òun fi bá wọn lé Jagun. “Ọmọ mi ti wá bá ogun lọ, ọwọ́ mi é è sí nínú igbá. Mo fẹ́ kí òfin ùlú sọ̀rọ̀.”

Inú bí àwọn ènìyàn. Àwọn tí ilé wọn ì bá ti jóná tán, àwọn tí ọmọ wọn ṣì ń mí, ṣé ẹni tó gbà wọ́n ni wọ́n ní kí wọ́n wá dá lẹ́jọ́? Bàbá arúgbó kan já fìlà Jagun gbà lọ́wọ́ ẹni tó mú un, ó fi dé Ọmọ́títí lórí, ó ní kí ó máa ṣe olórí wọn lọ títí ayé, kí wọ́n jẹ́ kí ọ̀rọ̀ igbá sùn. Ariwo ayọ̀ ta. Wọ́n ń pe orúkọ rẹ̀, wọ́n ń ki í. N kò ní purọ́ fún yín: ó wù ú. Fìlà náà tutù, ó wúwo dáadáa lórí rẹ̀, ó sì rí i pé bí òun bá dákẹ́ lásán, gbogbo rẹ̀ ti parí nìyẹn, òun kò ní fi omi sílẹ̀ láé.

Asimawu ní òfin kì í sùn láìjẹ́ pé wọ́n dá ẹjọ́ rẹ̀. Ní Àjọni, ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń dá ẹjọ́. Ẹni tó bá fẹ́ kí òfin ṣẹ á wọ inú omi dé orúnkún. Ẹni tó bá fẹ́ ìdáríjì á dúró sórí iyanrìn. Ó ní kí wọ́n lọ síbi tí ọkàn wọn bá wà.

Ọládòṣù wọ inú omi. Òun nìkan ló lọ. Ó kọjú sí wọn, omi ń lu orúnkún rẹ̀, ó sì dà bí ẹni tó ti gbó ju bó ṣe wà ní ìjẹta lọ. Àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n ní kó máa lọ bá Jagun. Ẹnìkan bu iyanrìn tútù, ó jù ú, ó bà á láyà. Ẹlòmíràn bẹ̀rẹ̀ láti bu tirẹ̀.

Ohun tí Ọmọ́títí rí nìyẹn, ó sì bà á lẹ́rù ju ìbọn Ọ̀fun lọ. Ọkùnrin kan dá dúró nínú omi, òkú ọmọ rẹ̀ ò tíì wọlẹ̀, gbogbo ìlú fẹ́ lù ú nítorí pé ó béèrè ohun tó tọ́ sí i. Nítorí òun Ọmọ́títí ni wọ́n ṣe fẹ́ lù ú. Bí wọ́n bá lù ú lónìí, kò sí ẹni tí yóò tún béèrè nǹkan kan ní Àjọni mọ́.

Ó ṣí fìlà náà kúrò lórí, ó gbé e sílẹ̀ lórí iyanrìn. Ó wọ inú omi, ó dúró ti Ọládòṣù.

Ó kọjú sí àwọn ènìyàn náà.

“Ohun tí mo ṣe lánàá, bí èéfín yẹn bá tún yọ, mà á tún ṣe é,” ó ní. “Ṣùgbọ́n mo mọ òfin nígbà tí mo ń ṣe é. Bí ẹ bá mú un kúrò nítorí pé ẹ fẹ́ràn mi, ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn mi kò ní bẹ̀rù nǹkan kan. Ogun tó bá wù ú ni yóò ta ìgbòkun lọ, ọmọ yín ni yóò sì wà nínú ọkọ̀. Ẹ sọ̀kalẹ̀ wá.”

Mùtàlíbù ló kọ́kọ́ sọ̀kalẹ̀, ó ń fi apá aṣọ nu ojú. Asimawu tẹ̀ lé e. Àwọn atukọ̀ yòókù bọ́ sínú omi lọ́kọ̀ọ̀kan, lẹ́yìn náà àwọn ìyá, lẹ́yìn náà àwọn arúgbó tí wọ́n ń di ara wọn lọ́wọ́ mú, àti ẹni tó ju iyanrìn, tí kò lè gbójú sókè. Gbémi nìkan ló kù lórí iyanrìn pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn rẹ̀. Ó mi orí, ó ń sunkún, ó ní òun ò ní lọ, ẹnikẹ́ni kò sì fà á.

Bí wọ́n ṣe dá a nìyẹn. Ọ̀dọ̀ àwọn ẹbí ìyá rẹ̀ ní Awa, ìlú kan láàárín igbó, ni Ọmọ́títí yóò máa gbé, àwọn tó ń dáko, tí wọn kò mọ ju odò tí wọ́n ń pọn omi rẹ̀ lọ. Wọ́n ti kọ́kọ́ sin Ùsmán, ó sì bá wọn bu erùpẹ̀ sí i. Lẹ́yìn náà ó di ẹrù rẹ̀, kò pọ̀. Kò mú àjẹ̀.

Ọládòṣù sìn ín dé ibi tí iyanrìn ti parí. Ọmọ́títí kúnlẹ̀, ó ní kí ó jọ̀ọ́, kí ó forí jin òun nítorí Ùsmán. Bàbá náà fà á dìde.

“Ká ní mo wà níbẹ̀, ọmọ mi, ǹ bá ti ki ọwọ́ bọ̀ ọ́,” ó ní. “Èmi ni ì bá kọ́kọ́ ki ọwọ́ bọ̀ ọ́.”

Ọmọ́títí dojú kọ ọ̀nà oko, ó ń lọ, kò bojú wẹ̀yìn. Omi ọ̀sà gbẹ lẹ́sẹ̀ rẹ̀ kó tó wọ inú igbó.